Níkà onítìmùtìmù fún ẹni tó ń padà sórí kẹ̀kẹ́: kí la máa wò ká tó sanwó?

Ará_Ọbańtókò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́kẹ̀kẹ́. Mo ń padà sórí kẹ̀kẹ́ ológeere, mo sì fẹ́ mọ irú níkà tó yẹ kí n rà. Ọ̀nà mi ní Abẹ́òkúta níbí ni Ọbańtókò sí Àsẹ̀rò, kí n já sí Kútọ̀, kí n wá gun Òkè-Mọ́sàn. Tòkunbọ̀ onítáyà 26 ni kẹ̀kẹ́ náà, ìjókòó rẹ̀ fẹ̀, ó sì rọ̀. Níkà bọ́ọ̀lù ni mo ń wọ̀, pátá wà lábẹ́ rẹ̀.

Ibi tó ń ni mí lára: itan lápá inú ń bó, iwájú abẹ́ sì ń kú tó bá ti tó ogún ìṣẹ́jú. Àwọn kan ní kí n ra níkà onítìmùtìmù, ìyẹn níkà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n rán fóòmù sí lábẹ́, àwọn kan ní kí n kúkú ra ìbòjókòó onígẹ́ẹ̀lì. Nínú níkà tí mo yẹ̀ wò, ọ̀kan nípọn gan-an, ìkejì tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló sì wọ́n jù. Ìbàdí mi jẹ́ íńṣì 38, ìdí níbi tó ti fẹ̀ jù jẹ́ 43. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wò?

Alátùnṣe_Kútọ̀

Ẹ káàbọ̀ padà sójú títì. Kí ẹ tó náwó, ẹ fara balẹ̀ mọ ibi tó ń dùn yín gan-an, torí ibẹ̀ ló máa sọ ohun tí ẹ máa rà, ó sì lè sọ pé kí ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Tó bá jẹ́ eegun ìdí méjèèjì tí a fi ń jókòó ló ń ro yín, ara tí kò tíì mọ́ kẹ̀kẹ́ ni. Ẹ máa gùn ún ní ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ fi ọjọ́ kan sinmi láàárín, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ó máa ń rọlẹ̀. Tó bá jẹ́ awọ ara ló ń bó, aṣọ la máa kọ́kọ́ fura sí: ojú rírán ń ha ara, òógùn ò sì ríbi lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé iwájú abẹ́ ń kú, ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni ká bi léèrè. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára àti èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ojú ara, àárín eegun méjèèjì yẹn ni wọ́n gbà kọjá. Tí imú ìjókòó bá gbé sókè, tàbí tí ìjókòó bá ga jù, ẹrù ara á kúrò lórí eegun, á bọ́ sórí iṣan. Kò sí níkà tó lè wo ìyẹn sàn, ohun yòówù kó wọ́n tó.

Gíga ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ẹ jókòó, ẹ yí pẹ́dàlì kan lọ sísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Orúnkún gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí fì sápá kan. Tí ẹ bá wá gbé iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì bó ṣe yẹ, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, ó ti bọ́ sí i nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìṣirò, kó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ lápá inú láti ilẹ̀ dé abẹ́ láìwọ bàtà, kó sọ ọ́ di ìlọ́po 0.883. Iye tó bá jáde ni gíga láti àárín ibi tí apá pẹ́dàlì ti ń yí dé orí ìjókòó. Ẹsẹ̀ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80 á fún yín ní nǹkan bíi 70.6.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ gíga ni pé tó bá ti ga jù, ìdí á máa fì sọ́tùn-ún sósì ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Fífì yẹn ló ń bó itan. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ìyọnu yín méjèèjì ti ojúkan náà wá.

Lẹ́yìn gíga, ẹ yá lẹ́fẹ́lì lọ́wọ́ bíríkìlà, kí ẹ gbé e lé ìjókòó láti ẹ̀yìn dé imú. Kó tẹ́jú. Nọ́ọ̀tì abẹ́ ìjókòó àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ sábà máa ń gba sípánà 13, àwọn tuntun ń gba Allen key 5 tàbí 6. Ẹ tú u díẹ̀, ẹ tẹ́ ìjókòó, ẹ dè é padà kó le, torí nọ́ọ̀tì tí kò le dáadáa á jẹ́ kí imú gbéra sókè ní kòtò àkọ́kọ́. Tí abẹ́ bá ṣì ń kú lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dẹ imú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Díẹ̀ ni mo wí o. Tó bá dà jù, ẹ máa máa yọ̀ lọ síwájú, ọrùn-ọwọ́ ló sì máa wá ru ẹrù náà.

Ní ti ìbòjókòó onígẹ́ẹ̀lì, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jà. Eegun ìdí á rì sínú rẹ̀, gẹ́ẹ̀lì á sá fún eegun, á wú sókè láàárín, ibi tó ń kú yẹn gan-an ló sì máa lọ tì. Ìjókòó yín tó rọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Kẹ̀kẹ́_Ìbarà

Alátùnṣe ti sọ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ tìmùtìmù, torí ibẹ̀ ni owó àwọn ènìyàn ti ń wọgbó.

Nínípọn kọ́ ni agbára. Fóòmù tó nípọn tó sì rọ̀ jù máa ń dùn mọ́ ọwọ́ ní ìsọ̀, àmọ́ tí ènìyàn bá ti fi ìdajì wákàtí jókòó lé e, ó ti pẹlẹbẹ, eegun ti kan ìjókòó. Ó tún ń gba òógùn sára, ó sì ń ká jọ sí àárín itan. Kíki fóòmù ló ń gbé ènìyàn ró. Àwọn tó ń ṣe ojúlówó sábà máa ń kọ ọ́ sínú àlàyé ọjà: 60 sí 80 kg/m³ tó fún ìrìn wákàtí kan sí méjì, ẹni tó bá ń lò tó wákàtí mẹ́rin sókè kó wá èyí tó ní bíi 100 sí 120 lábẹ́ eegun ìdí. Nínípọn mìlímítà 8 sí 12 tó ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ fi wọ́n ju èyí tó nípọn lọ.

Tí wọn ò bá kọ nǹkan kan sí i, ẹ fi ọwọ́ dán an wò. Ẹ yí níkà náà sódì, ẹ wá ibi tó nípọn jù lọ lápá ẹ̀yìn, ẹ fún un láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì rẹ̀, kí ẹ kà dé mẹ́wàá. Tí ìka méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Tí ẹ bá jáwọ́, kó padà sípò lójú ẹsẹ̀. Tí ojú ìka yín bá ṣì hàn lára rẹ̀ tí ẹ fi ń yẹ ibòmíràn wò, kò lọ́jọ́ lórí.

Ẹ tún wo ojú tó ń kan ara. Kó jẹ́ aṣọ ẹyọ kan láìsí ojú rírán tó gba àárín kọjá, kí etí rẹ̀ sì máa tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ títí tó fi pàdé aṣọ níkà. Iwájú gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, ẹ̀yìn kó fẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá fẹ̀ dọ́gba, fóòmù tí wọ́n kàn gé lásán ni.

Pátá: ẹ bọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti ènìyàn, àmọ́ ojú rírán etí pátá ló ń bó itan yín. Òwú ń mu òógùn, kì í sì í gbẹ kíá, awọ ara á wá rọ̀ nínú omi, híha díẹ̀ á sì ṣí i. Ara ni wọ́n ṣe tìmùtìmù náà fún ní tààrà.

Nígbà kan rí, awọ ẹran ni wọ́n ń rán sídìí níkà kẹ̀kẹ́ ní Yúróòpù, òwú irun àgùntàn sì ni níkà náà fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá fọ awọ yẹn, ó máa ń le gbagidi, òun ni wọ́n ṣe ń fi ìpara rọ̀ ọ́ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ọdún 1958 ni Joseph Shivers ṣe òwú Lycra ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà ni níkà tó ń nà tó sì ń fara mọ́ ara gba ipò irun àgùntàn.

Ará_Ọbańtókò

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi lẹ́fẹ́lì wò ó, imú ìjókòó gbé sókè lóòótọ́. Èyí tó ní okùn èjìká ńkọ́? Ṣé ó dára ju oníbàdí lásán lọ ni, àbí àwọn asáré-ìje ló wà fún?

Kẹ̀kẹ́_Ìbarà

Pẹ̀lú ìbàdí 38, mo máa gbà yín níyànjú pé kí ẹ mú olókùn èjìká. Tí ẹ bá tẹ̀ síwájú láti gun òkè láti Kútọ̀, rọ́bà ìbàdí á máa ge ikùn, ẹ ò ní lè mí kanlẹ̀, yóò sì máa yí wálẹ̀. Tó bá ti yí wálẹ̀, tìmùtìmù náà ti kúrò lábẹ́ eegun nìyẹn. Okùn èjìká ló ń fà á mọ́ ìdí.

Ìnira rẹ̀ kò pamọ́: ooru Abẹ́òkúta ń mú un gbóná láyà, èèyàn sì gbọ́dọ̀ bọ́ ẹ̀wù kó tó lè gbọnsẹ̀. Ẹ mú èyí tí okùn rẹ̀ jẹ́ aṣọ alájọ̀, kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Tí ẹ bá fẹ́ dandan oníbàdí, kí rọ́bà rẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì méjì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju iwájú lọ.

Télọ̀_Ìtòkú

Mo rí i pé àwọn kan ń ra tìmùtìmù lọ́tọ̀, tí wọ́n ń gbé e wá fún télọ̀ kó rán an mọ́ níkà. Ó ṣeé ṣe, ó sì lè dára gan-an, àmọ́ kì í ṣe bí a ṣe ń rán àdìrẹ ni wọ́n ń rán an. Àdìrẹ kì í nà, èyí ń nà sí ìbú àti òró.

Aṣọ ni àkọ́kọ́. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ náílọ́ọ̀nù bíi 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ìyókù jẹ́ spandex, ìyẹn òwú tó ń nà, irú Lycra tí wọ́n dárúkọ lókè. Ẹ nà án sí ìbú, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Tí ẹ bá rí ìka yín kedere lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ojú títì ló máa rí ìdí yín nígbà tí ẹ bá tẹ̀ síwájú.

Abẹ́rẹ́: èyí tí orí rẹ̀ rí roboto díẹ̀, tí wọ́n ń tà fún aṣọ tó ń nà, 75/11. Abẹ́rẹ́ òwú lásán máa ń gún spandex já, ihò á máa là, ojú rírán á sì máa fò. Òwú rírán náà kó jẹ́ pọ́líẹ́sítà. Ojú rírán kó jẹ́ èyí tó ń wọ́ sọ́tùn-ún sósì, bíi mìlímítà 2.5 ní fífẹ̀, 2.5 ní gígùn. Ẹni tó bá fi ojú rírán títọ́ rán an, ó máa dára lójú lórí tábìlì, àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí olóhun bá gbé ẹsẹ̀ sọdá kẹ̀kẹ́ ló máa dún pààà, torí aṣọ nà, òwú ò nà.

Ibi tí tìmùtìmù máa wà ni ọ̀pọ̀ ń ṣì. Tí ẹ bá tẹ́ níkà sílẹ̀ lórí tábìlì kí ẹ tó wọn àárín, ó máa bọ́ síwájú jù, torí ènìyàn kì í gun kẹ̀kẹ́ ní ìdúró. Kí olóhun wọ níkà náà, kó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ti ògiri, kó tẹ̀ síwájú bó ṣe máa ń gùn ún. Kí ẹni tó bá sún mọ́ ọn bá a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí eegun ìdí méjèèjì wà. Àmì yẹn ni ibi tó ki jù lọ lára tìmùtìmù gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Ẹ fi píìnì dè é, ẹ na aṣọ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa nà lára, kí ẹ sì rán etí rẹ̀ nìkan yíká. Ẹ má gba àárín rẹ̀ kọjá. Ojú rírán tó bá gba àárín tìmùtìmù máa ń tẹ fóòmù pa, á sì di okùn tó ń ha ara.

Ojú ìpàdé aṣọ lápá inú itan: kó pẹlẹbẹ. Tí ẹ̀rọ tó ń rán an pẹlẹbẹ kò bá sí, ẹ kọ ojú ìpàdé náà síta dípò inú. Ẹwà rẹ̀ á dín kù díẹ̀, itan á sì dúpẹ́.

Màmá_Ẹlẹ́ga

Ẹ kú iṣẹ́ o, Télọ̀, ẹ ṣàlàyé dáadáa. Ọkùnrin nìkan ni gbogbo yín ti ń bá sọ̀rọ̀ láti òkè wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn obìnrin.

Eegun ìdí obìnrin sábà máa ń jìnnà síra ju ti ọkùnrin lọ, nítorí náà tìmùtìmù wa gbọ́dọ̀ fẹ̀ lẹ́yìn, kí iwájú rẹ̀ kúrú. Ti ọkùnrin gùn níwájú, ó sì ní àyè fún ohun tí a ò ní. Tí obìnrin bá wọ̀ ọ́, apá iwájú yẹn á ká jọ, á sì máa ha ara. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà á fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ní ti ìbòra: ọ̀pọ̀ obìnrin, àti àwọn àgbà ọkùnrin náà, ni kò fẹ́ fi níkà tó lẹ̀ mọ́ ara kọjá ní Pańṣẹ́kẹ́ tàbí Ṣàpọ́n. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Ẹ wọ onítìmùtìmù sábẹ́, kí ẹ wọ ṣòkòtò péńpé tó tú díẹ̀ lé e lórí. Àdìrẹ gan-an dára fún ti òkè, torí kò kan ara níbi tó ń bó. Àmọ́ ẹ sọ fún télọ̀ kó fi ìlẹ̀pọ̀ onígun mẹ́rin sí abẹ́ rẹ̀ dípò kí ojú rírán mẹ́rin pàdé lójúkan, torí orí ìpàdé yẹn gan-an lẹ máa jókòó lé. Kí gígùn rẹ̀ má kọjá orúnkún, kí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì fẹ̀ jù, kó má bàa há mọ́ imú ìjókòó nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lójijì. Ìró àti yẹ̀rì gígùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sún mọ́ ṣéènì àti wáyà táyà.

Tí nǹkan oṣù bá dé, páàdì alápá máa ń ha itan lórí tìmùtìmù. Àwọn tó ń lo èyí tí wọ́n ń fi sínú kì í ní ìṣòro yìí. Ẹni tó bá máa lo páàdì, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo gbà kó wọ pátá, kó jẹ́ èyí tí kò ní ojú rírán létí.

Nọ́ọ̀sì_Adátán

Mo bá ti Màmá lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti awọ ara kún un.

Awọ tó ń bó ṣe é dènà. Ẹ fi òrí díẹ̀, ìwọ̀n tó bo orí ìka kan, pa ojú itan lápá inú àti ibi tí etí tìmùtìmù ti ń kan ara kí ẹ tó wọ níkà. Òróró àgbọn náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í pẹ́ tó òrí. Vaseline ń dáàbò bo ara, ṣùgbọ́n ó máa ń dí ojú aṣọ, kì í sì í tètè jáde nínú fóòmù. Ẹ má ṣe fi Robb tàbí àwọn ìpara alátaláta mìíràn sún mọ́ ibẹ̀ láé. Lórí awọ tó ti bó, iná ni.

Tí ẹ bá dé ilé, ẹ bọ́ níkà náà kíá, ẹ wẹ̀, ẹ gbẹ ara yín dáadáa, ẹ wọ aṣọ òwú tó tú. Jíjókòó jẹun nínú níkà tó ti tutù fún òógùn ni kòkòrò àìsàn ń fẹ́. Ìdí irun ló ń kọ́kọ́ wọ̀, rorẹ́ kéékèèké á yọ, ọ̀kan nínú wọn á sì di eéwo. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e lórí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ẹ sì fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ títí tó fi máa gbẹ. Fífá irun abẹ́ kanlẹ̀ ń dá kún un, torí irun tó bá ń hù padà lábẹ́ ìfúnpá máa ń wọ inú awọ. Ẹ gé e mọ́lẹ̀ ló dára jù.

Tí ibà bá bá eéwo náà rìn, tí pípọ́n rẹ̀ ń tàn kálẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ kó má dúró de ibà o. Egbò kékeré lórí ìdí rẹ̀ ti tó láti lọ sílé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́ tó ń kú tí kò sì jí padà láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀.

Ará_Ọbańtókò

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè méjì ló kù. Mo rí níkà onítìmùtìmù nínú òkiríkà, orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá wà lára rẹ̀. Ṣé kí n rà á? Èkejì, ìwọ̀n wo ni kí n béèrè, L ni àbí XL?

Alátùnṣe_Kútọ̀

Níkà tí ẹlòmíràn ti fi ìdí ìhòòhò wọ̀? Rárá o. Fóòmù rẹ̀ ti gba ìrísí ara ẹni yẹn, ó ti pẹlẹbẹ, ẹ ò sì lè fi omi gbígbóná sè é kó mọ́ láìba spandex rẹ̀ jẹ́.

Télọ̀_Ìtòkú

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín lórí tìmùtìmù rẹ̀, àmọ́ aṣọ rẹ̀ lè ṣì dára. Tí spandex rẹ̀ bá ṣì wà láàyè, ẹ rà á, kí ẹ tú tìmùtìmù àtijọ́ dànù, kí télọ̀ rán tuntun sí i. Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ na apá ìdí rẹ̀ gbooro. Tí òwú funfun tín-ín-rín bá ń yọ síta, tàbí tí aṣọ náà dún wẹrẹwẹrẹ bí ẹ ti ń nà án, spandex ti kú. Ẹ ju ọwọ́ sílẹ̀. Tí ibi tí ẹ nà bá ṣì wú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo rọ́bà ẹnu ẹsẹ̀ náà, torí òun ló kọ́kọ́ ń lọ.

Alátùnṣe_Kútọ̀

Tí wọ́n bá yọ tìmùtìmù rẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ télọ̀.

Kẹ̀kẹ́_Ìbarà

Ní ti ìwọ̀n, ẹ má tẹ̀ lé lẹ́tà. L ti àwọn ará Ṣáínà àti ti Ítálì sábà máa ń kéré ju L tí ẹ mọ̀ lọ. Ẹ wá àtẹ ìwọ̀n ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ sì fi sẹ̀ǹtímítà wò ó: íńṣì 38 jẹ́ 96.5, 43 jẹ́ bíi 109. Tí ìbàdí bá bọ́ sí ìwọ̀n kan, tí ìdí bọ́ sí òmíràn, ìdí ni kí ẹ tẹ̀ lé fún olókùn èjìká.

Tí ẹ bá wọ̀ ọ́ wò, ẹ má dúró gbọnrangandan níwájú dígí kí ẹ wá pinnu. Olókùn èjìká tó bá yín mu máa fa èjìká díẹ̀ ní ìdúró, tí ẹ bá tẹ̀ síwájú á wá tú sílẹ̀. Ẹ lóṣòó. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sórí àga. Kí tìmùtìmù má kúrò níbi tó wà, kí aṣọ má ká jọ sí àárín itan. Tí ẹ bá lè fi ìka méjì fa aṣọ kúrò lára ìdí kó dúró bẹ́ẹ̀, ó tóbi. Aṣọ tó ká jọ ló ń bó ara ju aṣọ tó fún lọ. Ẹnu ẹsẹ̀ kó di itan mú láì ge é.

Ẹ tún lè wọn eegun ìdí yín nílé. Ẹ gbé páálí onípele lé orí àga tó le, ẹ jókòó lé e, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí kékeré kí orúnkún ga, kí ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ojú ihò méjì á hàn lórí páálí náà. Ẹ wọn láti àárín ọ̀kan dé àárín ìkejì. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju iye yẹn lọ ní bíi mìlímítà 20 sí 30. Tí ìjókòó yín tó rọ̀ yẹn bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, etí rẹ̀ ló ń gbá itan yín.

Màmá_Ẹlẹ́ga

Kí ẹ tó pa kókó yìí tì, ẹ sọ ti fífọ̀ fún wọn, torí níkà tó wọ́n máa ń bàjẹ́ nínú báfù ju orí kẹ̀kẹ́ lọ. Lẹ́yìn gbogbo ìrìn ni kí ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ yí i sódì, kí tìmùtìmù wà níta, omi tútù tàbí lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tẹ tìmùtìmù léraléra kí ọṣẹ gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó. Hypo àti Jik ń jẹ spandex run. Omi olóòórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀ náà kò yẹ ẹ́, ó máa ń bo òwú aṣọ kí ó má lè gbé òógùn jáde mọ́. Ẹ ṣan ọṣẹ kúrò títí omi fi máa mọ́ gaara, torí ọṣẹ tó kù nínú fóòmù á hó mọ́ òógùn lójú ọ̀nà, á sì máa yún yín. Ẹ má fún un bí aṣọ inú ilé, ẹ ká a sínú táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ kí ẹ tẹ omi rẹ̀ jáde. Ibi òjìji tí afẹ́fẹ́ wà ni kí ẹ sá a sí. Òòrùn gangan lórí páànù ń sọ spandex di gbígbẹ pátápátá.

Ará_Ọbańtókò

Mo ti gbọ́. Mo ti sọ ìjókòó kalẹ̀, mo sì ti bọ́ pátá. Itan ò bó mọ́ bí i tàtẹ̀yìnwá, iwájú abẹ́ náà ti ń jí. Tí mo bá wá fẹ́ máa lọ dé Ọ̀dẹ̀dá ńkọ́? Níkà mélòó ló tó?

Alátùnṣe_Kútọ̀

Méjì tó dára sàn ju mẹ́rin tí kò dára. Lásìkò òjò, tìmùtìmù lè má gbẹ tán títí di ọjọ́ kejì, èyí tó bá ṣì tutù nínú kò gbọ́dọ̀ wọ ara. Nígbà ọyẹ́, ọ̀kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yín.

Ní ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, ẹ máa gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ̀jẹ̀ lè padà. Gbogbo bọ́ǹpù àti kòtò, ẹ dìde lórí pẹ́dàlì kí orúnkún gbà á.

Kí ẹ tó lọ, ẹ wo táyà. Fọ́kànáísà tí kì í bá kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ máa ń fún un ní atẹ́gùn títí yóò fi le, gbogbo òkúta ojú títì ló sì máa bá ìdí yín sọ̀rọ̀. Ẹ ka iye tó wà lára ẹ̀gbẹ́ táyà, kí ẹ má kọjá rẹ̀. Táyà 26 tó fẹ̀ ní 1.95, PSI (ìwọ̀n atẹ́gùn inú táyà) 35 sí 45 ló ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu lójú ọ̀dà wa, ẹni tó bá wúwo kó lọ sápá òkè rẹ̀. Ẹ sọ fún un kó dúró ní 40, kí ẹ sì fi gééjì wò ó fúnra yín kí ẹ tó sanwó.